Ìjọ Àgùdà ní Erékùṣù Èkó

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ènìyàn bá fi òwe yìí yẹ orúkọ tí Yorùbá fún ìjọ Kátólíìkì wò, yóò rí i pé ìtàn kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn ìwé ilé-ẹ̀kọ́ kì í sábà sọ tán. Ní Ìbàdàn, ní Ọ̀yọ́, ní Òndó àti ní Èkìtì, níbi tí ọ̀pọ̀ kò ti mọ ẹnì kan tí ó ti ilẹ̀ Brazil dé, àwọn àgbà a máa pe ọmọ ìjọ yìí ní Àgùdà, wọn a sì máa pe ilé ìsìn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà. Àwọn fáda tí ó gbé ìjọ náà wọ ọ̀pọ̀ ìlú wọ̀nyí kì í ṣe Àgùdà. Ará Faransé ni púpọ̀ nínú wọn. Àwọn ará Ireland ni ó tẹ̀ lé wọn. Síbẹ̀, orúkọ Faransé kò mọ́ ìjọ náà lára, bẹ́ẹ̀ ni lẹ́nu àwọn àgbà, orúkọ Róòmù kò borí. Orúkọ tí ó mọ́ ọn lára ni ti àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí òkè òkun, tí wọ́n gba òmìnira, tí wọ́n sì padà wá tẹ̀dó sórí erékùṣù Èkó.

Ìdáhùn tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ nínú ìdánwò ni pé ìjọ Kátólíìkì dé Èkó ní ọdún 1863, nígbà tí Fáda Francesco Borghero wọ ìlú náà. Ìdáhùn yìí kò ṣòro láti há sórí, olùyẹ̀wé-wò a sì máa gbà á. Ṣùgbọ́n ọdún tí àlùfáà dé ni ó sọ. Kò sọ ọdún tí ìjọ dé. Nígbà tí Borghero gúnlẹ̀, ìjọ ni ó bá níbẹ̀. Ó bá àwọn tí a ti sàmì fún, ó bá àdúrà tí wọ́n ń gbà ní ọjọọjọ́ ìsinmi, ó sì bá ẹni tí ó ń darí wọn. Àlàfo tí ó wà láàrin ohun méjèèjì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí òun ni yóò sọ ẹni tí ó yẹ kí a pè ní olùdásílẹ̀.

Òtítọ́ ni pé àwọn àlùfáà Potogí ti dé ààfin Ìbíní ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, wọ́n sì ti bá àwọn Itsekiri ṣe pọ̀ ní Warri lẹ́yìn náà. Iṣẹ́ wọn kò ta gbòǹgbò dé ilẹ̀ Yorùbá. Ti Èkó ni ó ta gbòǹgbò, ọ̀nà tí ó sì gbà ta á ni ọ̀rọ̀ dá lé lórí níhìn-ín.

Erékùṣù Èkó kò tóbi. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le lè rìn ín já kí oòrùn tó mú. Síbẹ̀, ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, bí ìlú mẹ́rin ni ó rí. Àwọn onílẹ̀ àti ààfin ọba wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn òyìnbó oníṣòwò àti àwọn aṣojú ìjọba wà ní etí omi tí a ń pè ní Marina. Àwọn Sàró, èyíinì ni àwọn tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú tí wọ́n sì ti Sierra Leone padà wá, wà ní Olówógbowó. Àwọn Àgùdà wà ní ìhà tiwọn, ní Pópó Àgùdà, ní agbègbè ibi tí a wá ń pè ní Campos Square. Èdè, oúnjẹ, aṣọ àti irú ilé tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbé ni a fi ń mọ ibi tí ó ti wá.

Púpọ̀ nínú àwọn Àgùdà jẹ́ ọmọ Yorùbá, àwọn tí ará Bahia ń pè ní Nagô. Ogun ni ó fọ́n wọn ká: ogun Òwu, ìṣubú Ọ̀yọ́ Ilé, àti àwọn ìjà tí ó tẹ̀ lé e. A tà wọ́n láti Ouidah, láti Àgbádárìgì, àti láti Èkó fúnra rẹ̀. Èyí ni pé erékùṣù tí wọ́n padà wá kọ́lé sí yìí gan-an ni èbúté tí a ti kó àwọn mìíràn nínú wọn sínú ọkọ̀ lọ.

Ní Bahia, a kì í bi ẹrú léèrè bóyá ó fẹ́ ìsàmì. A ó bu omi sí i lórí, a ó sọ ọ́ ní João tàbí Maria, iṣẹ́ oko ìrèké sì bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìsìn tí a fi ipá fún wọn yìí, wọ́n rí ohun kan tí wọ́n lè sọ di tiwọn, ohun náà sì ni ẹgbẹ́. Ìjọ Kátólíìkì ní Brazil gba ọmọ ìjọ láyè láti kó ara wọn jọ lábẹ́ orúkọ ẹni mímọ́ kan, kí wọ́n ní olóyè tiwọn, àpò owó tiwọn àti pẹpẹ tiwọn. Àwọn adúláwọ̀ kò jáfara. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Barroquinha ní ìlú Salvador, ẹgbẹ́ Bom Jesus dos Martírios wà fún àwọn ọkùnrin, àwọn obìnrin Nagô sì ní ẹgbẹ́ Boa Morte, tí ó ń ṣe ọdún ikú àti ìgbàsókè Màríà. Ẹgbẹ́ ni ó ń sin òkú ọmọ ẹgbẹ́ kí ó má baà di ohun tí a gbé jù sígbó. Ẹgbẹ́ ni ó ń tọ́jú aláìsàn, òun náà ni ó sì ń ṣètò ọdún. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí, wọ́n ń dá owó jọ gẹ́gẹ́ bí èésú ilé, wọ́n sì ń fi í ra ara wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àlùfáà a máa wá ka Mísà ní ọjọ́ ọdún, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó mú ẹgbẹ́ dúró. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí ìjọ Èkó fi lè dá dúró láìní fáda, ibí yìí ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Áfíríkà, tí Nagô pọ̀ jù nínú wọn, dìde sí ìjọba ní Salvador. A ṣẹ́gun wọn ní òru ọjọ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí ó ba àwọn aláwọ̀ funfun kò tán bọ̀rọ̀. A lé àwọn kan kúrò ní ìlú, a sì fi owó-orí àti òfin ni àwọn tí ó ti gba òmìnira lára. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn padà sílé, yálà wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, Kátólíìkì tàbí olórìṣà. Àwọn mìíràn ti Cuba wá pẹ̀lú.

Ilé tí wọ́n ń wá náà kò kọ́kọ́ gbà wọ́n tayọ̀tayọ̀. Lábẹ́ ọba Kòsọ́kọ́, tí ó jọba láti 1845 dé 1851, a ja àwọn kan nínú wọn lólè bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù wọn. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn lé Kòsọ́kọ́ tí Akítóyè sì padà sórí oyè, nǹkan yí padà. Benjamin Campbell, tí ó jẹ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó láti 1853 títí tí ó fi kú ní 1859, dá ààbò bo àwọn tí ó ń bọ̀. Wọ́n rí ilẹ̀ gbà, wọ́n kọ́lé, ìròyìn náà sì dé Bahia. Nígbà tí Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó gbé Èkó fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1861, Pópó Àgùdà ti di àdúgbò tí ó kún.

Níbí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin Sàró àti Àgùdà ti hàn kedere. Àwọn míṣọ́nnárì CMS ti wà ní Èkó láti 1852. Sàró ní oníwàásù, wọ́n ní ilé-ìwé, wọ́n sì ní Bíbélì tí Samuel Ajayi Crowther ń túmọ̀ sí èdè Yorùbá. Àwọn Àgùdà kò ní fáda kan ṣoṣo. Ẹni tí ó jẹ́ Kátólíìkì láàrin wọn lè lọ bá Sàró, kí ó sì di ọmọ ìjọ CMS; èdè kan náà ni wọ́n ń sọ nílé. Púpọ̀ kò lọ.

Ọkùnrin tí ó mú wọn dúró ni Èkó mọ̀ sí Padre Antonio. Kì í ṣe padre rárá. Ẹrú tí ó gba òmìnira ni, àwọn àlùfáà ni ó sì tọ́ ọ dàgbà kí ó tó wá sí Èkó, nítorí náà ó mọ àdúrà, ó mọ orin, ó sì mọ bí a ti ń ṣe àwọn ọdún ìjọ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀. Ó ní ilé ìsìn kékeré kan tí kò ní ọlá lójú. Níbẹ̀ ni ó ti ń kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ ní ọjọ́ ìsinmi, tí ó ń darí wọn nínú rósárì àti nínú àdúrà àwọn ẹni mímọ́ ní èdè Potogí. Ó ń sàmì fún ọmọ tuntun, nítorí òfin ìjọ gba ẹnikẹ́ni láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí kò bá sí àlùfáà. Ó ń dúró ti tọkọtaya ní ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, ó ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ẹni tí ikú ń bọ̀ wá bá, ó sì ń gbàdúrà lé òkú kí a tó gbé e sin.

Ohun tí kò ṣe ni ó yẹ fún àkíyèsí jù. Kò ka Mísà, kò sì gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ní ìlú tí kò sí ẹni tí yóò dá a lẹ́kun, láàrin àwọn ènìyàn tí ó ti fi oyè padre dá a lọ́lá, ìdánwò ńlá ni ó jẹ́ fún ẹ̀dá láti gbé aṣọ àlùfáà wọ̀ kí ó sì dúró níwájú pẹpẹ. Antonio mọ ààlà. Iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe, ó sì fi àyè ẹni tí ń bọ̀ sílẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ti Antonio rí láàrin àwọn Àgùdà.

Ìdí tí àlùfáà fi pẹ́ kò jìnnà. Ní 1856 ni Bíṣọ́ọ̀bù Melchior de Marion Brésillac dá ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì tí a mọ̀ sí SMA sílẹ̀ ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé, fún iṣẹ́ ní Áfíríkà. Ní 1859, òun àti àwọn tí ó kó wá dé Freetown, ibà sì pa á ní oṣù kẹfà ọdún náà, lẹ́yìn tí wọn kò tí ì lo oṣù méjì níbẹ̀. Àwọn tí ó ṣẹ́kù ní Lyon ni ó rán Borghero, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, wá sí Ouidah ní 1861. Láti ibẹ̀ ni ó ti wá wo Èkó ní oṣù kẹsàn-án 1863. Ó rí àwọn tí ó ti ń retí, ó ka Mísà fún wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ ètò àtigba ilẹ̀ fún ìjọ. Lẹ́yìn náà ó padà lọ. Fáda kò wá jókòó ní Èkó títí di 1868, nígbà tí Pierre Bouche dé. Láàrin ọdún márùn-ún tí ó wà láàrin ìbẹ̀wò àkọ́kọ́ àti ìjókòó yìí, ọwọ́ Antonio ni ìjọ ṣì wà. Nígbà tí fáda sì dé láti jókòó, Antonio kò bá a du ipò. Ó gbé ìjọ lé e lọ́wọ́, ó sì ràn án lọ́wọ́.

Ó rọrùn láti rò pé gbogbo nǹkan dùn láti ìgbà náà lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn fáda Faransé bá ìjọ tí ó ti ní àṣà tirẹ̀. Àwọn Àgùdà fẹ́ràn ìsàmì, wọ́n fẹ́ràn ọdún, wọ́n fẹ́ràn ìsìnkú tí ó ní iyì. Ṣùgbọ́n aya méjì tàbí mẹ́ta kò yà wọ́n lẹ́nu, ọ̀pọ̀ kò sì rí ìdí tí wọn kò fi ní bọ òrìṣà tí bàbá wọn bọ. Nínú ìdílé kan náà, ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ Kátólíìkì kí àbúrò jẹ́ Mùsùlùmí, kí orúkọ àwọn méjèèjì sì jẹ́ da Silva. Fún fáda tí ó ti Lyon wá, ìsìn aláàbọ̀ ni èyí. Fún àwọn ọmọ ìjọ, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Manuela Carneiro da Cunha, onímọ̀ ará Brazil tí ó tẹ ìwé jáde lórí wọn ní 1985, sọ pé ìsìn Kátólíìkì ni ó fi wọ́n hàn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà kan ní Èkó: òun ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀ lára Sàró ọmọ ìjọ CMS, òun náà ni ó sì yà wọ́n sọ́tọ̀ lára onílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kì í ṣe fáda ni ó ni ìjọ. Àlejò pàtàkì ni ó jẹ́ nínú ilé tí ó bá lórí ìdúró. Ẹni tí ó bá ka àròyé àwọn míṣọ́nnárì nípa ìwà àwọn Àgùdà yẹ kí ó fi èyí sọ́kàn, nítorí ẹnu ọ̀kan nínú àwọn méjì tí ọ̀rọ̀ kàn ni àròyé náà ti wá.

Ìgbà tí ó tó láti kọ́ ilé ìsìn tí ó tóbi ni àwọn ọmọ ìjọ fi ohun tí wọ́n lè ṣe hàn. Láàrin 1878 àti 1881 ni wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Àgbélébùú Mímọ́, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Holy Cross. A kò kó ọ̀gá iṣẹ́ wá láti Yúróòpù. Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre ni ọ̀gá tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ wọn, Àgùdà sì ni àwọn méjèèjì. Ní Bahia, ẹrú àti ọmọ ẹrú ni ó ń ṣe iṣẹ́ bíríkì, iṣẹ́ igi àti iṣẹ́ irin. Ohun tí a fi kọ́ wọn fún èrè olówó wọn ni wọ́n gbé wálé tí wọ́n fi kọ́lé fún ara wọn. Ní ìlú tí ilé alámọ̀ pọ̀ jù, ṣọ́ọ̀ṣì náà di ohun ìwò fún ará ìlú àti fún àlejò.

Ọgbọ́n yìí kò mọ sínú ọgbà ìjọ. Àwọn Àgùdà ni ó kọ́ ọ̀pọ̀ ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí a fín ojú fèrèsé àti òpó wọn lóríṣiríṣi, tí a kùn ní àwọ̀ mèremère, tí àwọn olówó Ìjẹ̀bú àti Ìbàdàn sì wá ń fara wé lẹ́yìn náà. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní Èkó ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje 1894, João Baptista da Costa, Àgùdà, ni ó darí kíkọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá wo iwájú mọ́ṣáláṣí náà, tí ó sì ti rí àwòrán àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Bahia, kò ní béèrè ibi tí ọ̀nà iṣẹ́ náà ti wá.

Nínú ìkànìyàn 1881, àwọn tí a kà sí ará Brazil ní Èkó ju ẹgbẹ̀rún méjì lọ. Wọ́n jẹ́ birikìlà, gbẹ́nàgbẹ́nà, télọ̀, aránṣọ obìnrin, alásè àti oníṣòwò. Ọkọ̀ tí ó ti Bahia dé a máa kó tábà, sìgá, ẹran gbígbẹ àti ọtí wá. A sì máa kó obì, aṣọ òfì, ọṣẹ dúdú àti epo padà lọ fún àwọn tí ó kù lẹ́yìn. Orúkọ méjì ni ẹni kọ̀ọ̀kan sábà máa ń jẹ́. João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a kó lẹ́rú nígbà tí ó wà ní ọmọdé, kò ju Esan nù nítorí João, kò sì ju da Rocha nù nígbà tí ó padà délé. Bàbá ìsàmì àti ìyá ìsàmì ọmọ ni ìbátan tí ó lágbára láàrin wọn. Ó so ìdílé mọ́ ìdílé débi pé agbára káká ni ilé kan ní Pópó Àgùdà kò fi ní bá òmíràn tan.

Ọdún ìjọ ni ó ń pín ọdún wọn. Ní oṣù kìn-ín-ní, ọdún Olúwa wa ti Bonfim, tí ó jẹ́ ọdún ńlá ní Bahia, kò gbẹ́yìn láàrin àwọn ọmọ Bahia tí ó wà ní etíkun yìí. Eré màlúù tí wọ́n ń pè ní Bọ́ì, tí ẹnì kan máa ń wọ inú agọ̀ màlúù tí yóò máa lé àwọn ọmọdé kiri, wá pẹ̀lú wọn láti Brazil. Ní àkókò Àjíǹde, kàrétà a máa jáde pẹ̀lú ìbòjú àti aṣọ aláràbarà, ìlù a sì dún láti àdúgbò dé àdúgbò. Àwọn fáda kò fi gbogbo ìgbà fẹ́ràn èyí, ṣùgbọ́n wọn kò rí i dá dúró. Nígbà tí ìròyìn dé pé ìjọba Brazil ti fi òpin sí oko ẹrú ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù karùn-ún 1888, àwọn Àgùdà Èkó gba Mísà ọpẹ́, wọ́n jó, wọ́n sì ṣe àjọyọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Kò sí ẹni tí ó lè bá wọn yọ irú ayọ̀ náà tán. Àwọn tí ó ń yọ̀ ti bọ́ lóko ẹrú. Ìyá àti ẹ̀gbọ́n tí wọ́n fi sílẹ̀ ni wọ́n ń yọ̀ fún.

Ọ̀rọ̀ èdè ni ó dá ìjọ náà lágara jù. Àwọn fáda àkọ́kọ́ rò pé Potogí ni èdè àwọn ọmọ ìjọ wọn, wọ́n sì fi í kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ìjọba ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ akọ̀wé sì ń béèrè. Àwọn òbí ń rí i pé ọmọ Sàró ń wọ ọ́fíìsì nígbà tí ọmọ tiwọn ń kọrin ní èdè tí kò sí ẹni tí yóò san owó oṣù fún. Òfin Ẹ̀kọ́ ti 1882 tún so owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba mọ́ ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọ yí padà. SMA wá ibùdó sí Cork ní ilẹ̀ Ireland kí ó lè rí fáda tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Potogí sì di èdè àwọn àgbà, lẹ́yìn náà ó di èdè orin àti àdúrà nìkan. Gómìnà Alfred Moloney, tí òun náà jẹ́ Kátólíìkì, bá àwọn Àgùdà sọ̀rọ̀ ní 1887, ó sì rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n di Yorùbá, èdè ìbí wọn, mú. Ẹnì kan ti gba èyí gbọ́ kí gómìnà tó sọ ọ́. Bouche, fáda àkọ́kọ́ tí ó jókòó ní Èkó, tẹ ìwé kan jáde ní ilẹ̀ Faransé ní 1883 tí ó jẹ́ àkójọ òwe Yorùbá. Kò sí àní-àní pé lẹ́nu àwọn ará Èkó ni ó ti gbọ́ púpọ̀ nínú wọn. Ó ṣeni láàánú pé ìwọ̀nba olùkọ́ Yorùbá ni ó mọ ìwé náà.

Láti erékùṣù yìí ni ìjọ ti tàn wọ òkè. Ní 1876 ni àwọn fáda dá oko ńlá sílẹ̀ ní Tọ́pò lẹ́bàá Àgbádárìgì; ní 1880 wọ́n dé Abẹ́òkúta, wọ́n sì wọ Ọ̀yọ́ láàrin ọdún mẹ́wàá náà. Ibi gbogbo tí wọ́n dé, àwọn ará ìlú ti mọ irú ìjọ tí ó jẹ́. Ìjọ àwọn ará Èkó wọ̀nyẹn ni, ìjọ Àgùdà.

Ọkọ̀ tí ó gbé àwọn tí ó kẹ́yìn wá ni Aliança, tí ó kúrò ní Bahia ní 1899. Ibà pa púpọ̀ nínú àwọn èrò rẹ̀ lórí òkun. Ọmọdébìnrin kan tí ó wà nínú ọkọ̀ náà, Romana da Conceição, dàgbà, ó gbó ní Èkó, ó sì padà lọ wo Brazil ní 1963 lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún ó lé. Ní ìgbà ayé rẹ̀ ni A. B. Laotan, ọmọ ìjọ náà, kó ìtàn àwọn àgbà Àgùdà jọ sínú ìwé kékeré kan ní 1943. Bí kò bá kọ ọ́, ọ̀pọ̀ nínú orúkọ àwọn oníṣẹ́-ọnà tí ó kọ́ Èkó ni ìbá ti parẹ́.

Ilé kò tọ́ bí orúkọ. Ṣọ́ọ̀ṣì tí Borges da Silva àti Nobre kọ́ kéré jù fún ìjọ tí ó ń pọ̀ sí i. Ní 1934 ni a bẹ̀rẹ̀ Kàtídírà tuntun, ó sì parí ní 1939, ní ọ̀nà ìkọ́lé Yúróòpù. Ilé tuntun náà lẹ́wà, ó sì yẹ ibi tí ó di ìjókòó bíṣọ́ọ̀bù àgbà ní 1950, ṣùgbọ́n ti ìṣáájú ti wó, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tí ó ti oko ẹrú bọ̀ sì bá a lọ. Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ilé ní Pópó Àgùdà. Ilé ìdílé Fernandez ní Tinubu Square, tí a kọ́ ní 1855, tí ìjọba sì sọ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956, ni a wó palẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2016.

Ohun tí kò ṣeé wó ni ó kù nínú ilé ìdáná. Bí Ọjọ́ Ẹtì Rere bá ti ń súnmọ́, àwọn ìyá ní ìdílé Àgùdà a sè ẹ̀wà títí yóò fi rọ̀, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a sẹ́ ẹ, wọn a sì fi omi àgbọn àti ṣúgà sí i. Frejon ni wọ́n ń pè é, láti inú orúkọ tí Potogí ń pe ẹ̀wà. Ọbẹ̀ ẹja ni a fi ń jẹ ẹ́, nítorí ẹran kì í wọ ilé lọ́jọ́ náà. Abọ́ a máa ti ilé kan lọ sí òmíràn ní gbogbo àdúgbò, títí kan ilé àwọn Mùsùlùmí, àwọn náà a sì máa retí rẹ̀.